Kí O Tó Fọ Ẹ́ńjìnì Rẹ, àti Kí O Tó Fẹ́ Ọmọ Làmídì

Mowe,
Ọjọ́ Ajé.

Ráfíù, Àlàní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo gbé e fún ìyá rẹ, òun náà kà á, ó sì dá a padà fún mi, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìdáhùn rẹ̀ wà. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìlọrin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì gbàdúrà pé kí ipò náà tù ọ́ lára. O ní ọkọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nígbàkúùgbà tí ó bá dúró sójú kan, àti pé o fẹ́ tú manifóòdù rẹ̀ fúnra rẹ ní ẹ̀yìnkùlé, kí o sì fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni o wá kan ọ̀rọ̀ Sìkírátù, ọmọ Làmídì tí o fẹ́ fi ṣe aya. O ní Ìyá Ọbáfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ránṣẹ́ sí ọ pé ìwádìí tí ẹbí ṣe nípa ilé ọmọ náà kò dára. Pé ọ̀mùtí ni bàbá rẹ̀, pé ó mutí yó, ó fi ọkọ̀ ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ ní Ifọ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. O wá bi mí léèrè pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà gbé Ifọ̀ nígbà náà. Ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo sì pa á.

Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka èyí tí ó kù. Mo ti gbìyànjú láti ya ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò ṣeé ṣe fún mi, nítorí inú manifóòdù kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Èkó, irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní póllì lónìí, mo sì ríṣẹ́ ìjọba ní Ifọ̀. Mo ń lọ ṣòkòtò kakí mi títí yóò fi lè dá dúró, mo ń fi kálámù sí àpò àyà, àwọn ènìyàn sì ń pè mí ní "Ẹnjiníà" kí n tó ṣe ohunkóhun tí ó yẹ orúkọ náà. Nínú agbo ilé tí mo gbé ni Làmídì wà. Dírẹ́bà Alájì Olóbì ni, ọkùnrin oníṣòwò tí ń kó obì lọ sí Agége. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Òun náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tí ń pe àwọn ènìyàn sí ìrun. Bí Làmídì bá gbóhùn sókè ní ìdájí, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá á dákẹ́ gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó máa bá tiwọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Alámìísì kan, ó bá mi níwájú ilé. Ó ní, "Súlè, ọkọ̀ Alájì ń gbọ̀n. Agége ni n ó gbé e lọ, kí mẹkáníìkì bá mi wò ó."

Mo ní, "Agége kẹ̀? Kí wá ni wọ́n kọ́ mi ní Èkó, ilẹ̀ gbígbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ọkọ̀, ẹ ò kàn mọ ibi tí wọ́n ń dá wọn padà sí ni."

Mo ní, "Gbé e wá láàárọ̀. Kí o tó lọ kírun Jímọ̀, yóò ti máa dún bí ológbò tó yó."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí n tó máa bá ìtàn lọ, gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi: má ṣe fi ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe ibi tí o ti ń fi ara rẹ hàn. Kì í ṣe ọkọ̀ Alájì ni mo fẹ́ tún ṣe ní ọjọ́ náà; ìwé ẹ̀rí mi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.

Ìwọ ti mọ ohun tí manifóòdù jẹ́, ṣùgbọ́n Sìkírátù yóò ka lẹ́tà yìí, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ kí òun náà lè lóye. Òun ni páìpù ẹlẹ́ka tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì. Bí ó bá pẹ́, ìdọ̀tí dúdú á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ́ńjìnì kò sì ní lè mí dáadáa mọ́. Mo tú u ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo da kẹ̀rosíìnì sí i, ìdọ̀tí náà kò ṣí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, spírítì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni a fi ń yọ ọ́, n kò sì ní in. Ohun tí mo ní ni ìgò ògógóró kan lábẹ́ ibùsùn. Ọkùnrin kan tí ń pọn ọn nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá odò níhà Ibafo ni ó máa ń gbé e wá fún àwa òṣìṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà náà, ìjọba òyìnbó ka ògógóró léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ á rí ẹ̀wọ̀n, bí ó bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Èmi, ọmọ Mùsùlùmí, ni mo ní in nílé. Ìyá rẹ kò tíì wọ ilé mi nígbà náà, kò sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Mo da ògógóró sínú agolo, mo gbé e jáde. Làmídì di manifóòdù náà mú fún mi, èmi ń dà á sí i. Ó fa imú.

"Súlè, kí ni ń rùn báyìí?"

"Spírítì ni. Oògùn irin ni."

"Ó ń ta mí nímú."

"Irin ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún imú rẹ."

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì di í mú ṣinṣin. Manifóòdù náà yọ̀, ògógóró sì dà sí i láyà, ó ṣàn dé ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mu ọtí rí ni, tí kò sì jókòó ti ẹni tí ń mu ún. Kò mọ òórùn rẹ̀. Mo lè sọ fún un. N kò sọ, nítorí mo mọ̀ pé yóò sọ nǹkan náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò sì bi mí ohun tí ó ń ṣe nínú ilé mi.

Ráfíù, ìmọ̀ràn kejì nìyẹn, kò sì yé mi dáadáa àfi lẹ́yìn tí ó ti bọ́: ohunkóhun tí o bá ń dà sínú ẹ̀rọ, jẹ́ kí ẹni tí ó ń bá ọ dì í mú mọ ohun tí ó jẹ́. O ti di ọ̀gá báyìí. Àwọn ènìyàn yóò máa bá ọ di nǹkan mú láìbéèrè, nítorí pé ìwọ ni o kàwé. Má ṣe fi ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ṣe ìbòjú.

Nípa ti fífọ̀ gan-an, má ṣe fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì gbóná. Kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì. Má jẹ́ kí iná kankan, yálà àdògán tàbí sìgá, súnmọ́ ọ. Fi àkísà mímọ́ dí àwọn ojú ihò tí manifóòdù ti kúrò, kí nǹkan má baà já sínú ẹ́ńjìnì, kí o sì rí i pé gbogbo àkísà náà jáde padà. Fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, páálí tí ń dí àlàfo ojú irin, sí i. Èyí tó ti gbó kì í dí afẹ́fẹ́ mọ́. Tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí o máa to ohun tí o bá yọ sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀léra. Mo tẹnu mọ́ aṣọ funfun yìí: má ṣe fi ohunkóhun sí àpò rẹ.

Síprínì kékeré kan wà tí ó máa ń fa ọwọ́ kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, padà nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ọkọ̀ má baà máa sáré lọ fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo sì fi í sí àpò ṣòkòtò kakí mi kí ó má baà sọnù.

Bí a ti ń dì í padà, Alájì ránṣẹ́ pé kí Làmídì máa bọ̀ kíákíá, òun fẹ́ bá rélùwéè tó ń lọ sí Èkó. Mo kánjú. Mo dè é pọ̀, a tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó dún dáadáa. Mo fi ìka fa ọwọ́ kábúrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó padà fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ó ti tán. Làmídì ní òun á fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Èmi ni mo ní, "Alájì ń dúró dè ọ́. Á gbẹ lójú ọ̀nà."

Kò dé ọ̀dọ̀ Alájì. Nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, ó tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti gun òkè díẹ̀, nígbà tí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ náà kò gbọ́. Ó ń sáré sí i ni. Àwọn obìnrin tó ru igi ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó tẹ búrékì, kò tó; ó yà bàrá kúrò lọ́nà wọn, ó sì kọlu àtíbàbà káfíńtà kan. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣẹ́, kò sì rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí àwọn ènìyàn fa Làmídì jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ládàánì ti mutí yó lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ibi tí mo ti ń fọ ọwọ́ mi ni ìròyìn ti bá mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti mú áńkáṣíìfù, síprínì náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Bí mo bá ti sáré lọ sọ ọ́ ní àkókò yẹn, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọkọ̀ náà dé àgọ́ wọn, wọ́n sì ní kí a wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Alájì ní, "Ẹ ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà tiwa." Mo lọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo sì fi síprínì náà kọ́ sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo nà dúró, mo nu ọwọ́ mi, mo sì sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà kò ní àbùkù kankan.

Sájẹ́ǹtì ní, "Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Kẹ̀rosíìnì."

Làmídì wà níbẹ̀, wọ́n ti wé aṣọ mọ́ ọn lórí. Ó wò mí. Ó ní, "Súlè, ṣebí spírítì lo pè é. Ṣebí ara mi ló dà sí."

Mo dá a lóhùn lójú gbogbo wọn. Mo ní, "N kò mọ ohun tí o mu lẹ́yìn tí o kúrò lọ́dọ̀ mi."

N kò jẹ́wọ́ irọ́ inú gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà títí di oṣù yìí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí n kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ó dé kóòtù, mo tún un sọ, mo sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ ọ́. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ Làmídì sí, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, mọ́ṣáláṣí ti yan ládàánì mìíràn, àwọn ọmọdé sì ń kọrin tẹ̀lé e: Làmídì Ọlọ́tí. Ó kó lọ sí Òkè-Àró, ó lọ ń dáko ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí Sìkírátù tí o lọ pàdé ní Ajùwọ̀n níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Èmi ní tèmi gba ìgbéga. Mo kọ́ ilé. Mo bí ọ.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí irọ́ ti jẹ run láàárín ogún ọdún náà. Òtítọ́ lè lé irọ́ bá. Kò lè dá ohun tí irọ́ ti jẹ padà.

Nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ, mo mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ó wà. Mo lè kọ̀wé pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀mùtí ni," ẹbí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìwọ á sì wá obìnrin mìíràn. Mo jẹ́wọ́ fún ọ pé mo ronú sí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Níkẹyìn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Àró.

Mo bá a lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti hu ewú. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ní, "Ẹ káàbọ̀, Alàgbà. Ẹ jókòó." Àwa tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan rí, ó ń fi "ẹ" pè mí bí àlejò. N kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, síprínì àti ògógóró.

Kò dáwọ́ bíbó dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ti síprínì yẹn ni n kò mọ̀. Ti ọtí, mo ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tí wọ́n mú nítorí ògógóró ni wọ́n tì mọ́ mi nínú ẹ̀wọ̀n. Bí ó ti wọlé báyìí, mo gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Mo ní, háà, spírítì Súlè nìyí."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ.

Ó ní, "Fún ta ni? Ẹ̀yin lẹ kàwé." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ẹ máa wá. Ọdún dé, ọdún lọ, mo ní ẹ máa wá. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò jẹ oúnjẹ tí mo bá rà mọ́ títí tí ó fi kú. Ó ní òun ò lè jẹ nínú owó ọlọ́tí. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ pẹ́ jù, Alàgbà."

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí Ifọ̀, níbi tí wọ́n ti gba ipò rẹ̀. Mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, òun náà sì wá, ó jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun, mo gba àyè lọ́wọ́ Lèmọ́ọ̀mù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ta ni Làmídì. Àwọn àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n kò tó nǹkan mọ́. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Lèmọ́ọ̀mù bẹ Làmídì pé kí ó pe ìrun Àsárì fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó ní ohùn òun kò gbé e mọ́. Ó sì bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó wọkọ̀ lọ sí ilé.

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn tó kù kò pọ̀. Bí o bá ti di manifóòdù rẹ padà tán, kí o tó tan ẹ́ńjìnì rárá, tẹ ọwọ́ kábúrétọ̀ náà dé òpin, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí o fi ojú rẹ rí i pé síprínì ló ń fà á padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pè ọ́ kí o máa kánjú, jẹ́ kí ó máa pè. Ní ibi iṣẹ́ rẹ, bí nǹkan bá bàjẹ́, tètè sọ ipa tìrẹ nínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Má ṣe fi ìmọ̀ rẹ jẹ́rìí sí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kàwé kò ní ibi tí yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi tako tìrẹ.

Ní ti Ìyá Ọbáfẹ́mi, mo ti lọ bá a. Mo sọ fún un pé bí ìwádìí bá ní láti ba ilé kan jẹ́, ilé tiwa ni. Ó bínú sí mi gidigidi, ó sì tọ́. Kò ní dí ọ lọ́nà mọ́.

Ṣùgbọ́n Làmídì kò tíì fún ọ ní ọmọ rẹ̀. Mo bi í kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Pé Sìkírátù ni wọ́n fi orin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ìwé, Sìkírátù ni yóò pinnu bóyá òun lè máa pe ẹni tó fà á ní bàbá ọkọ. Nítorí náà, gbé lẹ́tà yìí fún un. Má yọ ojú ìwé kan kúrò nínú rẹ̀. Jẹ́ kí ó kà á ní òun nìkan, kí o sì fún un ní àkókò tí ó bá fẹ́. Bí ó bá gbà, máa rántí lójoojúmọ́ pé oore ni ó ṣe ọ́. Bí ó bá kọ̀, má rán ẹnikẹ́ni sí i, má sì bínú sí i tàbí sí bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi níbí ni kí o gbé ìbínú náà wá. Ilẹ̀kùn kò ní tì, n kò sì ní wá àwáwí.

Má ṣe bá mi bẹ Sìkírátù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Súlè.